Ìpín Arlette Lẹ́nu Tẹ́tílé

Ẹ súnmọ́ mi níbí, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ọ̀nà. Ẹni tó bá ní àpótí, kó gbé e wá. Ẹni tí kò bá ní, ẹní mi fẹ̀, kó jókòó. Ìyá ọlọ́mọ, gbé ọmọ rẹ sórí itan. Ẹni tó bá ní ajá, kó fà á mọ́ra, torí ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá sì ní bọ́ńbọ́n lápò, kó yáa jẹ ẹ́ tán báyìí, torí ọ̀rọ̀ bọ́ńbọ́n náà ni, n ò sì fẹ́ kí ajá ẹnikẹ́ni máa wò ó lójú. Ṣé gbogbo yín ti jókòó? Ó dáa. Màá dá a, ẹ ó gbè é:

Kí ló wà lọ́wọ́ ọmọ?
— Dídùn ni!
Ta ló ń wo ọwọ́ ọmọ?
— Ajá ni!
Ajá ń jùrù, ajá ń ríbà,
— A ò ní fún un!
Inú ajá ò gbà á o,
— A ò ní fún un!

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi pamọ́ sẹ́nu, a óò tún un kọ.

Ìbejì ni Ọlọ́run fi ta ọmọ mi Victoire lọ́rẹ, nínú ilé mi níbí ní Pobè. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Ornella ló kọ́kọ́ dé, òun ni Táíwò. Arlette tẹ̀ lé e, òun ni Kẹ́hìndé. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe ìbejì lọ́dọ̀ wa: ohun tí a bá fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ fún èkejì. Aṣọ méjì, bàtà méjì, àkàrà méjì. Bí ọ̀kan bá ṣe àìdáa tí a nà án, a óò fọwọ́ kan èkejì náà nídìí díẹ̀, kó má baà rò pé a yọ òun sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dàgbà tó ẹni tó ń lọ iléèwé, Màrúfátù wá bẹ̀ wá. Màrúfátù ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ó ń ta aṣọ ní Sakété. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tó bí, wọ́n ti dàgbà, kálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó ní ilé òun ti dákẹ́ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún òun ní ọ̀kan tí òun á máa di irun fún. A fún un ní Arlette. Ẹ ó ní Sakété kò jìnnà sí Pobè. Òótọ́ ni, bí ènìyàn bá gun ọkọ̀, kò ní tíì sùn kó tó dé. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá ẹnìkan pín inú ìyá kan náà, ó jìnnà.

Arlette lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará Pobè kò jáwọ́. Méjì méjì ni wọ́n ṣì ń fún Ornella. Ìyá alákàrà á ní, "Gbà, Táíwò. Tìẹ rèé, ti èkejì rẹ rèé." Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ń pín bísíkíì fún àwọn ọmọdé, méjì ni tirẹ̀. Bí àwọn Mùsùlùmí àdúgbò bá ń ṣe sàárà, tí wọ́n ń fi bọ́ńbọ́n sọ́wọ́ àwọn ọmọ, méjì ni tirẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ìbejì bínú sí òun?

Kí ni Ornella máa wá fi ìkejì ṣe? Bó bá jẹ ẹ́, ó ti jẹ ohun olóhun. Bó bá fi pamọ́, èèrà á gbé e lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí Tẹ́tílé.

Tẹ́tílé ni ajá ilé wa. Ó pupa, ó kéré, etí rẹ̀ kan dúró, ìkejì wó lulẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ornella gbé e jókòó níwájú rẹ̀, ó na ìka sí i bí olùkọ́.

"Láti òní lọ, ìwọ ni Arlette. Ohun tí wọ́n bá fún Arlette, ìwọ ni wàá bá a jẹ ẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Tẹ́tílé gbọ́. Ta ni kò ní gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ kan mo bá wọn lẹ́yìn ilé. Mo ní, "Ornella, kí lo tún ń fún ajá yẹn?"

"Èmi kọ́ o, Ìyá àgbà. N ò fún ajá ní nǹkan kan. Arlette ló ń jẹun."

"Arlette ló wá ń fi ìrù dúpẹ́ yẹn?"

"Inú rẹ̀ ló dùn, Ìyá àgbà."

Kí lẹ fẹ́ kí n wí? A rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Tẹ́tílé ń sanra, ó ń họ ara, eyín rẹ̀ ń pọ́n, àwa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà ìsinmi iléèwé tó kọjá yìí, Zacharie dé. Zacharie ni ọmọkùnrin mi, àbúrò Victoire, ó ń ṣiṣẹ́ ní Faransé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, lẹ́yìn tí Victoire ti lọ sóko ní Issaba, Zacharie fa nǹkan kan yọ nínú àpò ńlá rẹ̀. Nǹkan náà tẹ́, ó fẹ̀, bébà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi wé e.

"Ṣokolá nìyí, Màmá. Mẹ́rin ni mo rà. Méjì ti Pobè, méjì ti Sakété. Ẹ rí i pé n ò gbàgbé bí a ti ń ṣe ìbejì."

"O káre, ọmọ mi. Kí ló dé tó dúdú tó báyìí?"

"Èyí tó dúdú jù ni mo mọ̀ọ́mọ̀ mú. Èyí tó ní mílíìkì á ti yọ́, á ti di ọbẹ̀ sínú àpò mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Mo tọ́ díẹ̀ wò. Ó korò bí ewúro tí wọ́n fi ṣúgà tàn. Àwọn òyìnbó mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.

Zacharie kó méjì fún Ornella, ó kó méjì tó kù sínú àpò, ó wọ takisí, ó di Sakété, ó lọ kí Arlette àti Màrúfátù. Ornella jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń kán tirẹ̀ jẹ ní díẹ̀díẹ̀, ó ń pa ojú dé. Ti Arlette, odidi ló gbé e kalẹ̀ fún Tẹ́tílé. Tẹ́tílé kì í kán nǹkan jẹ ní tirẹ̀. Ó gbé e mì pẹ̀lú ìdajì bébà wúrà, ó lá ẹnu, ó wá ń wo Ornella bí ẹni tó ń béèrè pé ṣé kò sí ẹ̀gbọ́n Arlette kan níbì kan tó tún ní ìpín.

Oòrùn ti ń lọ sí àtàrí. Mò ń pa èkùrọ́ lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí Tẹ́tílé bẹ̀rẹ̀ eré. Ó sáré yí kànga ká, ó sáré yí igi ká, ó sáré yí èmi náà ká. Mo ní inú rẹ̀ ló dùn. Mo bá a dá orin. Sylvain, aládùúgbò wa tó ń wa zẹ́mì, ń fọ alùpùpù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ìyá àgbà, ajá yín ń jó o! Ẹ má ṣe dá orin dúró!"

Ṣùgbọ́n ijó náà kò ní òpin. Ajá dúró, gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ó bì. Ó sáré mu omi, ó tún bì. Ahọ́n rẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó wà níbẹ̀ ń lu bí ẹ̀rọ télọ̀ lọ́jọ́ tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Orin kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ornella wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kó kú! Bó bá kú, ta ni á máa gba ti Arlette? Arlette á ní mo ti gbàgbé òun!"

Ẹ ò rí i? Ohun tó ń pa ọmọ náà lẹ́kún nìyẹn. Ajá tí ẹ̀ ń wò yẹn, òun ni ọwọ́ tí Ornella fi ń di èkejì rẹ̀ mú.

Sylvain ju kànrìnkàn nù. "Epo! Ẹ bu epo pupa wá, ká dà á sí i lọ́fun!"

Ẹ mọ Pobè wa. Ìlú ọ̀pẹ ni. Bí ọmọ bá wúkọ́, epo. Bí iná bá jó ni, epo. Bí ilẹ̀kùn bá ń ké, epo. Èmi náà ti gbé ìgò, mo ti di ṣíbí mú. Ornella bo ẹnu ajá mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Rárá! Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni ká lọ!"

Ohùn tó fi sọ ọ́, mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo fi ìró mi kan wé Tẹ́tílé bí ọmọ tuntun. Sylvain wà níwájú, Ornella wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn, ajá wà lórí itan ọmọ, ó ń mí fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ sí Sylvain léjìká. Àwọn tó rí wa lójú ọ̀nà ọjà ń kí mi kú oríire ọmọ.

Josué ni orúkọ dókítà ẹran náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo. Ó gbé Tẹ́tílé sórí tábìlì, ó fi nǹkan sí etí, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó wá wo Ornella.

"Kí ni ajá yín jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan," ni Ornella wí. "Arlette ló jẹ ẹ́."

"Ta ni Arlette?"

"Ìbejì mi."

"Ó dáa. Níbo ló wà?"

"Ó wà ní Sakété."

Josué yọ nǹkan etí rẹ̀ kúrò. "Ẹ dúró. Arlette jẹun ní Sakété, ajá wá ń bì í ní Pobè?"

Sylvain fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo gbá a lẹ́yìn. Mo ní, "Ọmọ mi dókítà, ṣokolá ló jẹ. Dúdú, odidi, láàárọ̀ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó ni."

"Ṣokolá dúdú? Hẹn-ẹ́n. Ó yé mi wàyí." Ó ti ń fa abẹ́rẹ́. "Ṣé ẹ fún un ní nǹkan kan nílé? Epo ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀. Ọmọ yìí ni kò gbà."

"Ọmọ yìí ṣe é re. Ajá tó ń gbọ̀n báyìí, bí ẹ bá da epo sí i lọ́fun, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ."

Sylvain bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Josué gún Tẹ́tílé lábẹ́rẹ́, ajá tún bì, bébà wúrà jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ó wá po èédú kan, lẹ́búlẹ́bú, mọ́ omi, ó rọra fi í sí i lẹ́nu títí ètè ajá fi dúdú bí ti ẹni tó jí ìkòkò lá. Ó ní kí májèlé tó kù lè lẹ̀ mọ́ èédú náà, kó bá a jáde ni. Bó ti ń ṣe é ló ń bá wa sọ̀rọ̀.

"Màmá, ohun tó ń dùn mọ́ àwa lẹ́nu, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá ajá lára mu. Inú wa a máa lọ ṣokolá, ó sì ti kọjá. Ti ajá, kì í tètè jáde, á jókòó síbẹ̀, á máa na ọkàn rẹ̀ ní pàṣán. Bó bá ṣe dúdú tó ló ṣe burú tó. Ṣuíngọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kò ní ṣúgà, ìyẹn gan-an burú jù. Èso àjàrà gbígbẹ, ẹ má fún un. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀, ẹ má fún un. Àti bọ́ńbọ́n pàápàá, kí ló fẹ́ fi ṣe? Eyín rẹ̀ rèé, ẹ wò ó."

Ornella ti nu ojú. Ó wá fi ohùn kékeré béèrè, "Ológbò ńkọ́?"

"Ológbò náà ni. Ó kéré sí ajá, díẹ̀ péré ti tó o."

Ẹ̀rù ohun tí ọmọ náà ṣe sì ń bà mí títí dòní. Ó ké bí ẹni tí ejò bù jẹ. "Àlàájà!"

Àlàájà ni ológbò Màrúfátù ní Sakété. Dúdú ni, ṣùgbọ́n funfun yí orí rẹ̀ ká bí ìbòrí, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ornella wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pínyà ni àwọn méjèèjì ti jọ sọ ọ́: ní Pobè, Tẹ́tílé á máa gba ti Arlette, ní Sakété, Àlàájà á máa gba ti Ornella. Zacharie sì ti gbé ṣokolá méjì lọ sí Sakété láti àárọ̀!

"Sylvain, pe Màrúfátù!"

Sylvain fa pọ́tábù yọ, ó pè é. Ó dún, ó dún, kò gbé e. Ẹni tó bá mọ àna mi mọ̀ pé abẹ́ ìdì aṣọ ni pọ́tábù rẹ̀ máa ń sùn. Aṣọ á gbọ́ ọ, òun ò ní gbọ́. A pe Zacharie. Nọ́ńbà Faransé ni, obìnrin kan nínú ẹ̀rọ ń bá wa sọ Faransé, kò jẹ́ kí a dá sí i.

Josué ní, "Ẹ fi ajá sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ máa lọ."

Sylvain ti gbá zẹ́mì níná. "Ìyá àgbà, ẹ di mí mú dáadáa. Lónìí, n ò ní gba ẹnikẹ́ni láyè níwájú mi!"

Ẹ gbè é fún mi, eré la wà yìí:

Ọ̀nà Sakété, gùn sókè,
— Ẹ yà fún wa!
Àlàájà ń bọ̀ wá jẹun,
— Ẹ yà fún wa!
Ẹlẹ́rù ọ̀pẹ, ẹlẹ́rù àgbàdo,
— Ẹ yà fún wa!
Kó má tíì la ẹnu o,
— Ẹ yà fún wa!

Èmi ni mo ń kọ ọ́ lẹ́yìn zẹ́mì yẹn, atẹ́gùn ń gbé gèlè mi lọ. Sylvain ló ń gbè é. Ornella kò gbè, ètè rẹ̀ ń gbàdúrà. Nígbà tí a dé Sakété, ara mi ń gbọ̀n ju ti Tẹ́tílé lọ.

A bá Zacharie ní ìyẹ̀wù Màrúfátù, ó na ẹsẹ̀, ó ń mu omi tútù. Màrúfátù ń ṣí aṣọ hàn án.

"Màmá! Ṣé kò sí o? A ṣẹ̀ṣẹ̀ pínyà láàárọ̀."

"Ṣokolá dà?"

"Ẹ̀yin náà tún fẹ́ sí i? Mo ti fún Arlette. Ó wà lẹ́yìnkùlé."

Ornella kò dúró gbọ́ ìyókù. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, Màrúfátù ń sọ lẹ́yìn wa pé, "Ẹ̀yin àna mi, ẹ jókòó ná, ẹ mu omi ná!"

Ohun tí a bá lẹ́yìnkùlé rèé. Arlette lóṣòó síwájú ọlọ, ó ti fi ọmọ ọlọ lọ ṣokolá kúnná. Ó la inú ẹja díndín kan, ó ń fi ìka kó ṣokolá sínú rẹ̀. Àlàájà jókòó níwájú rẹ̀, ó fi ìrù wé ẹsẹ̀. Arlette ń bá a wí.

"O máa jẹ ẹ́ lónìí, Ornella. Ojoojúmọ́ lo máa ń ṣe ojú burúkú sí bọ́ńbọ́n. O ò jẹ bísíkíì, o ò jẹ nǹkan kan. Wàyí, ẹja ni. Ṣé o máa kọ ẹja náà?"

"Arlette! Má fún un!"

Bí Ornella ti pariwo, Arlette fò sókè, ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàájà kò dúró béèrè ohun tí ìjà jẹ́. Ó gbé ẹja, ó ṣí eré.

Ẹ wo wàhálà! Sylvain gba ọ̀tún, Zacharie gba òsì, wọ́n fi orí gbá ara wọn lábẹ́ okùn aṣọ. Àǹkárá mẹ́ta já lé wọn lórí. Àlàájà gba abẹ́ ìtẹ́ adìẹ jáde, adìẹ tú, ó gun àpótí, ó gun ògiri. Ó jókòó sókè níbẹ̀ pẹ̀lú ẹja lẹ́nu, ó ń wò wá nílẹ̀ bí ẹni tó san owó wá wo eré. Màrúfátù gbé ìgbálẹ̀.

"Tàtá, ẹ má lé e mọ́!" Arlette na ọwọ́ méjèèjì. "Bí ẹ bá lé e, á gbé e mì. Ẹ dúró. Gbogbo yín, ẹ dúró."

Gbogbo wa dúró bí igi, Sylvain ṣì wà nínú àǹkárá, imú rẹ̀ nìkan ló yọ.

Arlette rọra mú ẹja mìíràn nínú àwo, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri. Ó ya ẹja náà sí méjì kí òórùn rẹ̀ lè jáde, ó gbé e síwájú ara rẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé kò bìkítà. Lórí ògiri, Àlàájà gbé ẹja tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbá a mú dáadáa. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbọn orí. Ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ tì í. Ó wo ẹja ilẹ̀. Ó wo tirẹ̀. Ẹja ṣokolá já bọ́ sílẹ̀, pọ̀, Àlàájà bẹ́ wálẹ̀ lọ bá èyí tó mọ́.

Ornella ti dùbúlẹ̀ lé ẹja ṣokolá náà lórí kí ẹnikẹ́ni tó mí. Ó fi àyà bò ó. Aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Zacharie gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Kò tíì ge é jẹ rárá. Ṣé èmi ni mo gbé gbogbo èyí wá láti Faransé?"

Sylvain tọ́ ọ wò. A ò rán an níṣẹ́. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Kì í ṣe pé ó burú," ó ní, "ṣùgbọ́n n ò ní padà síbẹ̀."

Pọ́tábù rẹ̀ dún. Josué ni. Ó ní Tẹ́tílé ti dúró lórí ẹsẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti rọlẹ̀, ó ti mu omi, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo pa igbe ayọ̀, mo jó yí ọlọ ká. Màrúfátù tí kò tíì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bá mi jó. Ó ní bí ó bá di ẹ̀yìn ijó, kí n wá sọ fún òun.

A sọ fún un. Ibẹ̀ ni Arlette ti bú sẹ́kún.

"N ò mọ̀ pé ó burú, Tàtá. Àlàájà ni kì í jẹ ti Ornella. Ohun dídùn kì í wù ú. Nígbà tí wọ́n sọ níjọ́sí pé ibà ń ṣe Ornella ní Pobè, mo mọ̀ pé torí kò rí ìpín rẹ̀ jẹ ni. Ni mo fi fẹ́ fi ẹja tàn án."

Ornella gbá a mọ́ra. "Ẹ̀fọn ló jẹ mí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

"Ta ni á wá máa jẹ tiwa?"

Sylvain gbé ọwọ́ sókè. "Èmi rèé. Ní Pobè, màá jẹ́ Arlette. Bí mo bá gbé èrò wá sí Sakété, màá jẹ́ Ornella. Ẹ sọ fún gbogbo àwọn tó ń pín nǹkan."

"Ọ̀gbẹ́ni, wábi jókòó," ni Màrúfátù wí. "Èwo nínú ìbejì ló ní irùngbọ̀n?"

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ sẹ́yìn àgbá omi, wọ́n fi orí korí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, Táíwò ló gba iwájú.

"A ti parí ọ̀rọ̀. Ẹranko kò ní jẹ́ ìbejì mọ́. Tẹ́tílé á máa jẹ́ Tẹ́tílé, Àlàájà á máa jẹ́ Àlàájà. Ohun tí wọ́n bá fún mi fún Arlette, màá fi sínú agolo tó ní ìdérí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí èmi àti òun á fi jókòó papọ̀."

Arlette gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Àti pé gbogbo ọjọ́ Sátidé la gbọ́dọ̀ jókòó papọ̀. Bí ẹ ò bá mú wa pàdé, agolo á kún, èèrà á dé, ẹ̀yin náà lẹ máa gbá a."

Mo wo Màrúfátù, Màrúfátù wò mí. Mo ní, "Àna mi, ẹ gbọ́ o."

"Mo gbọ́, Ìyá. Ìdájọ́ ti ṣẹlẹ̀. Ta ni á máa gbé wọn?"

Gbogbo ojú yí sí Sylvain. Ó ní, "Ẹ wò ó, ṣé irùngbọ̀n mi ti wá dára wàyí?"

Sátidé tó tẹ̀ lé e gan-an ni a bẹ̀rẹ̀. Màrúfátù gbé ìkòkò ẹ̀wà ńlá kaná láàárọ̀, ẹ̀wà ìbejì, èyí tí a fi ń pe gbogbo ọmọ àdúgbò. Victoire ti Issaba gbé iṣu wá. Josué ń lọ sí Takon lọ gún ewúrẹ́ àwọn kan lábẹ́rẹ́, a dá a dúró lọ́nà, a ní kò gbọdọ̀ kọjá. Kí àlùbọ́sà, epo àti ata tó wọ inú ìkòkò, Ornella ti dúró tì í pẹ̀lú àwo, ó ní kí wọ́n bu ti ajá sọ́tọ̀ ná, lásán báyìí, láìsí iyọ̀. Arlette bu ẹja tó mọ́ fún Àlàájà, ó là á wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ náà ni Tẹ́tílé kọ́kọ́ dé Sakété. Ornella fà á wá síwájú èkejì rẹ̀.

"Arlette, wò ó. Ẹni tó ń jẹ́ Arlette tẹ́lẹ̀ rèé."

Arlette wò ó láti orí dé ìrù. "Èmi ni mo sanra tó báyìí?"

Tẹ́tílé àti Àlàájà náà wo ara wọn. Àlàájà ga ẹ̀yìn, Tẹ́tílé sá wá sábẹ́ ìró mi. Láti ìgbà náà, kálukú ló ń jẹ nínú àwo tirẹ̀, àgbàlá sì wà láàárín wọn.

Àwọn ọmọ jókòó yí ẹní ká. Ìbejì ṣí agolo, wọ́n pín ohun tó wà níbẹ̀, tìẹ rèé, tèmi rèé, wọ́n fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn náà. Ajá jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé etí kan sókè, ó ń wo ọwọ́ wọn. Gbogbo ọmọ Sakété tó wà níbẹ̀ ló dá a lóhùn, mo ti kọ́ wọn:

Ajá ń jùrù, ajá ń ríbà,
— A ò ní fún un!
Ẹ̀wà rẹ wà nínú àwo,
— Lọ máa jẹ ẹ́!
Dídùn ọmọ, tọmọ ni,
— Lọ máa jẹ ẹ́!

Ó gbọ́ o! Ó yí padà, ó lọ lá àwo rẹ̀ títí ó fi ń dán.

A jẹ ẹ̀wà, a jẹ iṣu, a tún bu ẹ̀wà. Zacharie tú bẹ́líìtì sílẹ̀. Josué ní bí àwọn ewúrẹ́ Takon bá béèrè òun, ká sọ pé òun ń bọ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò gbé ikùn lọ sílé bí ẹni gbé ìlù, ìyá wọn ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun, wọ́n ní ó tì. Josué gba ọ̀nà Takon. Arlette dì mọ́ Ornella, kò sunkún, ó ní, "Ó di Sátidé." Àwa gun ọ̀nà Pobè, Tẹ́tílé sùn lórí itan Ornella, ó ń hanrun, ikùn rẹ̀ rọ̀, ọkàn rẹ̀ ń lù ní jẹ́jẹ́. Kò sí ẹnìkan nínú wa, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó gbé ebi wọlé lọ́jọ́ náà.